Ẹni tí Orílẹ̀-Èdè Ń Bu Ọlá Fún Jùlọ

Ọ̀rọ̀ kan ń bẹ tí a fẹ́ kí a jùmọ̀ gbé yẹ̀ wò ní ọ̀sẹ̀ yìí, nítorí ó kan àwọn ọmọ wa ju bí a ti rò lọ. Ó ti di àṣà láàrin ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè pé kí a máa bi àwọn ará ìlú léèrè ẹni tí wọ́n bu ọlá fún jùlọ. Lẹ́yìn náà a ó ka iye àwọn tí ó dárúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan, a ó to orúkọ wọn láti orí ẹni kìn-ín-ní dé orí ẹni kẹwàá, tàbí dé orí ẹni ọgọ́rùn-ún, ìròhìn rẹ̀ a sì tàn ká ayé. Ọmọ tí ó bá kà á yóò rò pé ìwọ̀n ni a gbé àwọn ènìyàn wọ̀nyí lé, àti pé ẹni tí ó wà ní òkè ni ó dára jùlọ, òun náà ni ó sì wúlò fún ayé jùlọ. Ǹjẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà rí? Èyí ni a fẹ́ wádìí.

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni a ó ti bẹ̀rẹ̀, nítorí níbẹ̀ ni a ti mú iṣẹ́ yìí di ìmọ̀ tí ó ní òfin. Ọkùnrin kan tí à ń pè ní George Gallup, tí a bí ní ìpínlẹ̀ Iowa ní ọdún 1901, ni ó dá ilé ìwádìí èrò àwọn ará ìlú sílẹ̀ ní 1935. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ìdìbò sí ipò ààrẹ dé. Ìwé ìròhìn kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Literary Digest fi ìwé ìbéèrè ránṣẹ́ sí nǹkan bí mílíọ̀nù 10 ènìyàn. Àwọn tí ó dá èsì padà ju mílíọ̀nù 2 lọ. Ìwé ìròhìn náà kéde pé Landon ni yóò wọlé. Gallup, ẹni tí iye àwọn tí ó bi léèrè kéré sí tiwọn lọ́nà púpọ̀, wí pé Roosevelt ni. Nígbà tí a ka ìbò tán, Roosevelt ni ó borí ní ìpínlẹ̀ 46 nínú 48.

Kí ni ó fa èyí? Inú ìwé orúkọ àwọn tí ó ní tẹlifóònù àti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni Literary Digest ti ṣa púpọ̀ nínú àwọn tí ó kọ̀wé sí. Ní àkókò ọ̀wọ́n owó náà, àwọn tí ó rí jẹ ni ó ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ìyá tí ń se ọbẹ̀ kò ní láti jẹ ìkòkò ọbẹ̀ tán kí ó tó mọ̀ bóyá iyọ̀ dé ibẹ̀. Bí ó bá ti rò ó dáradára, ẹ̀kún ṣíbí kan tó. Ṣùgbọ́n bí kò bá rò ó, bí ó tilẹ̀ bu àwo mẹ́ta lójú ọbẹ̀, epo nìkan ni yóò tọ́ wò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ yìí sí ọkàn, nítorí a ó tún padà sí orí rẹ̀. Kí a má sì rò pé Gallup kì í ṣìṣe: ní 1948 ó sọ pé Dewey ni yóò di ààrẹ, Truman ni ó sì wọlé.

Ní ọdún 1946 ni Gallup kọ́kọ́ bi àwọn ará Amẹ́ríkà pé, nínú gbogbo ọkùnrin tí ó wà láàyè níbikíbi ní ayé, ta ni wọ́n bu ọlá fún jùlọ. Ogun àgbáyé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, kò sì yani lẹ́nu pé Ọ̀gágun Douglas MacArthur ni orúkọ rẹ̀ lékè. Ní 1948 a fi ìbéèrè ti àwọn obìnrin kún un, Eleanor Roosevelt, opó ààrẹ tí ó kú ní 1945, sì gba ipò kìn-ín-ní. Láti ìgbà náà títí di 1961, ìgbà 13 ni ó wà ní ipò yìí. Ọdún kan ṣoṣo ni ẹlòmíràn gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́, èyíinì ni 1951. Elizabeth Kenny ni ẹni náà, nọ́ọ̀sì láti ilẹ̀ Ọsirélíà. Ní ìgbà ayé rẹ̀, bí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ bá mú ọmọdé, àṣà àwọn dókítà ni láti di apá tàbí ẹsẹ̀ ọmọ náà pinpin kí ó má baà mì. Obìnrin yìí fi aṣọ gbígbóná dì í dípò èyí, ó sì ń rọra mú ẹran ara ọmọ náà rìn títí yóò fi tún mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ dókítà takò ó ní ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn òbí tí ó ti rí i kò dákẹ́ ìyìn. Lónìí a kì í sábà gbọ́ orúkọ rẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú ìlànà rẹ̀ ti di ara ìtọ́jú aláìsàn.

A ṣe ìwádìí yìí ní ọdọọdún láìyẹ̀, àfi ní 1976, títí ó fi dé ọdún 2020. Bí ènìyàn bá wo àwọn ìwé náà lápapọ̀, nǹkan kan hàn gbangba: ní ọ̀pọ̀ jùlọ ọdún, ẹni tí ó jókòó sórí àga ààrẹ ní àkókò náà ni ó ń gba ipò kìn-ín-ní láàrin àwọn ọkùnrin. Eisenhower gbà á ní ìgbà 12, Obama náà gbà á ní ìgbà 12. Láàrin àwọn obìnrin, Hillary Clinton gbà á ní ìgbà 22, kò sì sí ẹni tí ó tó o. Ṣùgbọ́n ẹ wo Billy Graham, oníwàásù tí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ orúkọ rẹ̀. Ìgbà 61 ni ó wà láàrin àwọn mẹ́wàá àkọ́kọ́, kò sí ọkùnrin mìíràn tí ó súnmọ́ iye náà, síbẹ̀ kò jẹ́ ẹni kìn-ín-ní rí. Bákan náà ni Ọbabìnrin Elizabeth Kejì ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó wọ inú àwọn mẹ́wàá ní ìgbà 52, tí kò sì dé òkè pátápátá lọ́jọ́ kan.

Kí ni a rí kọ́? Pé orúkọ tí ó kọ́kọ́ sọ sí ẹni lọ́kàn ni ẹnu ń dá. Ẹni tí a bá bi léèrè lójijì kì í jókòó ṣe àṣàrò lórí gbogbo ẹ̀dá alààyè. Orúkọ tí ó gbọ́ nínú ìròhìn ní àárọ̀ ọjọ́ náà ni yóò mú wá. Òkìkí ń wọ aṣọ ọlá, ojú tí kò bá yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní kò ní mọ̀ pé aṣọ àyálò ni.

Ẹ jẹ́ kí a sì wo iye náà fúnra rẹ̀. Ní ọdún 2020, Donald Trump ni ó wà ní ipò kìn-ín-ní láàrin àwọn ọkùnrin. Ènìyàn mélòó ni ó dárúkọ rẹ̀? 18 nínú 100. Obama tẹ̀ lé e pẹ̀lú 15. Nǹkan bí ènìyàn 1,000 ni a bi léèrè, àwọn tí ó ṣe ìwádìí náà fúnra wọn sì sọ pé iye tí àwọn rí lè fi nǹkan bí 4 nínú 100 ga ju òtítọ́ lọ tàbí kí ó fi bẹ́ẹ̀ rẹlẹ̀ sí i. Nítorí náà 18 àti 15 fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹni tí a kéde pé orílẹ̀-èdè bu ọlá fún jùlọ, ènìyàn 82 nínú 100 ni kò dárúkọ rẹ̀ rárá. Èyí kì í ṣe ẹ̀gàn sí ẹnikẹ́ni; bí ìṣirò náà ti rí nìyẹn, ẹni tí ó bá wà ní ipò kìn-ín-ní ní ọdún mìíràn kò sábà sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun kan tún ń bẹ tí àwọn akọ̀ròhìn kì í fi sí òkè ìwé. Láàrin àwọn tí a bi léèrè, àwọn kan a máa dárúkọ bàbá wọn, ìyá wọn, tàbí ọ̀rẹ́ wọn kan. Ẹ rò ó wò. Ìyá tí ó tọ́ ọmọ mẹ́fà ní òtítọ́ àti ìbẹ̀rù Ọlọ́run, àní bí gbogbo àwọn ọmọ náà bá fi ẹnu kan pe orúkọ rẹ̀, mẹ́fà péré ni yóò ní. Kò lè dé inú ìwé náà láéláé. Kì í ṣe pé iyì rẹ̀ kéré. Ṣùgbọ́n irú ìwọ̀n yìí kò lè wọn ohun tí àwọn díẹ̀ mọ̀ dájúdájú, bí kò ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbọ́ fẹ́ẹ́rẹ́.

Ọ̀nà kejì tí a ń gbà ṣe é yàtọ̀ sí èyí, kí a má sì dà wọ́n pọ̀. Ní ọdún 2002, BBC ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pe àwọn òǹwòran pé kí wọ́n fi tẹlifóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì dìbò fún ọmọ ilẹ̀ wọn tí ó tóbi jùlọ nínú ìtàn. Winston Churchill ni ó borí, pẹ̀lú ìbò tí ó ju 450,000 lọ. Ẹni tí ó tẹ̀ lé e ni Isambard Kingdom Brunel, ọ̀gá nínú kíkọ́ ojú irin, afárá àti ọkọ̀ ojú omi, ẹni tí ó kú ní 1859. Iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì tí a fi orúkọ rẹ̀ pè pẹ̀lú ṣe akitiyan púpọ̀ láti kó ìbò jọ fún un. Nínú irú ìdìbò báyìí, ẹni tí ó bá fẹ́ ni ó ń dìbò. Ojú ọbẹ̀ ni a ń bù, a kò ro ìkòkò.

Láti ibẹ̀ ni àṣà náà ti tàn dé ọ̀pọ̀ ilẹ̀, èyí tí ó sì mú wa lọ́kàn jùlọ nínú wọn ni ti ilẹ̀ Pọtogí ní ọdún 2007. Ẹni tí ó gba ipò kìn-ín-ní níbẹ̀, pẹ̀lú ìbò 41 nínú 100, ni António de Oliveira Salazar. Òun ni ó ṣe olórí ìjọba ilẹ̀ náà láti 1932 títí di 1968, tí ó ní ọlọ́pàá abẹ́lẹ̀, tí kò sì gba ìwé ìròhìn láyè láti sọ̀rọ̀ bí ó ti tọ́. Ẹni kejì ni Álvaro Cunhal, olórí ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì, ẹni tí ìjọba Salazar sọ sí ẹ̀wọ̀n fún ọdún púpọ̀ kí ó tó sá kúrò ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Peniche ní 1960. Ẹni kẹta sì ni Aristides de Sousa Mendes, pẹ̀lú 13 nínú 100.

Ta ni Sousa Mendes? Ní oṣù kẹfà ọdún 1940, òun ni aṣojú ìjọba Pọtogí ní ìlú Bordeaux ní ilẹ̀ Faransé. Àwọn ọmọ ogun Jámánì ń bọ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn, pàápàá àwọn Júù, kún ìgboro, wọ́n ń wá ọ̀nà àtisá là. Ìjọba Salazar ti pàṣẹ láti 1939 pé kí a má fi ìwé ìwọ̀lú fún irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ láìkọ́kọ́ gba àyè láti Lisbon. Ọkùnrin yìí jẹ́ onígbàgbọ́ nínú ìjọ Àgùdà, ó sì ní agbo ọmọ tí ó ń bọ́. Ó wo àṣẹ ìjọba, ó wo ẹ̀rí-ọkàn rẹ̀, ó sì jókòó, ó ń fi ọwọ́ sí ìwé fún ẹnikẹ́ni tí ó bá béèrè, ní ọ̀sán àti ní òru, kò sì gba owó wọn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó ti ipasẹ̀ rẹ̀ yè. Salazar pè é padà sílé, ó yọ ọ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Owó tán, ilé bàjẹ́, àwọn ọmọ tú ká, ó sì kú nínú òṣì ní 1954.

Ní ọdún 1966, Yad Vashem ní Jerúsálẹ́mù kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn olódodo láàrin àwọn orílẹ̀-èdè. Ní 1988 ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ rẹ̀ dá a láre, nígbà tí ó sì di 2021 a bu ọlá fún un ní Lisbon, nínú ilé ńlá tí a ti ń ṣe ìrántí àwọn akọni orílẹ̀-èdè náà. Àwọn baba wa wí pé, bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ẹ wá wo bí ó ti rí: ẹni tí ó jẹni níyà àti ẹni tí a jẹ níyà wà nínú ìwé kan náà, ti ẹni àkọ́kọ́ sì fi ju ìlọ́po mẹ́ta lọ. Bóyá inú ń bí àwọn kan sí àwọn aṣèlú òde òní ni wọ́n fi dìbò bẹ́ẹ̀. Bóyá àwọn mìíràn rántí ìgbà èwe wọn. Bí ó ti wù kí ó rí, bí a bá béèrè pé ta ni nínú àwọn méjèèjì ni ayé òde Pọtogí jẹ ní gbèsè, àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn tí ó yè ní Bordeaux wà káàkiri ayé láti dáhùn.

Kí a má sì rò pé ilẹ̀ Pọtogí nìkan ni. Nígbà tí àwọn ará Jámánì ṣe tiwọn ní 2003, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tí ó ṣe é kò gbà kí a dárúkọ Hitler. Adenauer ni ó ṣe ìkínní, Martin Luther ṣe ìkejì. Ẹni kẹrin jẹ́ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, Hans àti Sophie Scholl, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ilé-ẹjọ́ ilẹ̀ wọn dá lẹ́bi ikú ní oṣù kejì ọdún 1943 nítorí pé wọ́n pín ìwé tí ó tako ìkà ìjọba. Ọmọ ọdún 21 ni Sophie. Bí a bá ti ka ìbò ní ọdún tí a pa á, mélòó ni ìbá dárúkọ rẹ̀?

Ní Áfíríkà tiwa, ẹ rántí Kwame Nkrumah. Ní oṣù kejì ọdún 1966 a lé e kúrò lórí oyè, àwọn ènìyàn sì wó ère rẹ̀ ní Accra. Ó kú sí ilẹ̀ àjèjì ní 1972. Ní ìparí ọdún 1999, àwọn olùgbọ́ BBC ní Áfíríkà yàn án ní ọkùnrin Áfíríkà tí ó ta yọ jùlọ nínú ẹgbẹ̀rún ọdún náà. Nkrumah kò ṣe ohun titun kan láti inú ibojì. Ojú àwọn tí ń wò ó ni ó yí padà.

Bóyá ẹnì kan yóò béèrè pé, ǹjẹ́ ìwé orílẹ̀-èdè kan tilẹ̀ lè bá ti gbogbo ayé mu? Ó lè bá a mu nígbà mìíràn. Ní ọdún 1999, nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń yan ẹni tí wọ́n bu ọlá fún jùlọ ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó ń parí lọ, wọn kò mú ààrẹ wọn kan. Ìyá Teresa ni wọ́n mú, obìnrin Albania tí a bí ní Skopje, tí ó lo ayé rẹ̀ láàrin àwọn tálákà Calcutta. Martin Luther King ni ó tẹ̀ lé e. Ní ìdàkejì, àwọn ará Kánádà yan Tommy Douglas ní 2004, oníwàásù ìjọ Onítẹ̀bọmi tí ó di olórí ìjọba ìpínlẹ̀ Saskatchewan, níbi tí ètò ìtọ́jú dókítà fún gbogbo ènìyàn, olówó àti tálákà, ti bẹ̀rẹ̀ ní 1962. Lẹ́yìn odi Kánádà, àwọn tí ó mọ orúkọ rẹ̀ kò pọ̀. Ṣé a ó wá wí pé kò wúlò? Kí ayé mọ ni lọ́tọ̀, kí a wúlò fún ayé lọ́tọ̀.

Ìwé Mímọ́ kò fi wá sínú òkùnkùn nípa ọ̀rọ̀ yìí. Ní Lístrà, nígbà tí Pọ́ọ̀lù wo arọ sàn, àwọn ará ìlú pe òun àti Bánábà ní òrìṣà, wọ́n sì fa màlúù wá láti fi rúbọ sí wọn. Kò pẹ́ tí ìlú kan náà fi sọ Pọ́ọ̀lù ní òkúta, tí wọ́n sì wọ́ ọ jáde bí òkú. Àti ní Jerúsálẹ́mù, nígbà tí Pílátù bi àwọn ènìyàn léèrè ẹni tí wọ́n fẹ́, gbogbo wa mọ orúkọ tí wọ́n dá. Onígbàgbọ́ tí ó bá ti ka ìtàn yìí kò gbọdọ̀ bẹ̀rù iye, kò sì gbọdọ̀ sìn ín.

Síbẹ̀ a kò wí pé kí a ju irú ìwé bẹ́ẹ̀ nù. Ó ń jẹ́ kí a mọ ohun tí ó wà lọ́kàn orílẹ̀-èdè kan ní àkókò kan, èyí kì í ṣe ohun kékeré. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá dé ọwọ́ yín, ẹ béèrè nǹkan mẹ́rin. Ìkínní, ta ni a bi léèrè, ṣé àwọn tí a ṣà láti ibi gbogbo ni, tàbí àwọn tí ó fẹ́ràn láti dìbò? Ìkejì, mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ni ó dárúkọ ẹni tí ó lékè? Ìkẹta, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni a ń yìn, tàbí àga tí ó jókòó lé? Ìkẹrin, àwọn wo ni iṣẹ́ rẹ̀ ṣe láǹfààní lẹ́yìn odi ìlú rẹ̀, àwọn wo ni ó sì pa lára?

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá, ilé ni a ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ń bọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ bi àwọn ọmọ yín léèrè ẹni tí wọ́n bu ọlá fún jùlọ. Bí wọ́n bá dárúkọ olórí ìlú, tàbí olórin, tàbí agbábọ́ọ̀lù, ẹ má ṣe jágbe mọ́ wọn. Ẹ kàn béèrè ìdí rẹ̀, kí ẹ sì fi sùúrù gbọ́ ìdáhùn. Lẹ́yìn náà ẹ ní kí wọ́n dárúkọ ẹnì kan síi, ẹni tí wọ́n ti fi ojú ara wọn rí tí ó ń ṣe rere nígbà tí kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń wo òun. Ó lè jẹ́ nọ́ọ̀sì kan ní ilé ìwòsàn, tàbí ìyá àgbà tí ń tọ́ ọmọ aláìníyàá ní àdúgbò. Ọmọ tí ó bá mọ orúkọ irú ènìyàn bẹ́ẹ̀, tí ó sì lè sọ ìdí, ìwé ìròhìn kan kò lè tàn án jẹ.

Kí Olúwa fún àwọn ọmọ wa ní ojú tí ń ríran. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.